Ìbéèrè Yín Lórí Awọ Ara: Àwọn Àmì Búráùn Tí Kì Í Ṣe Àrùn, àti Ohun Tí A Lè Ṣe sí Wọn

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí àwọn àmì búráùn àti àmì dúdú tó ń yọ sójú, sọ́rùn àti sẹ́yìn ọwọ́ pọ̀ gan-an lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, nítorí náà a fi gbogbo ojú ewé yìí sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ó rí i pé ìdáhùn mi fún ẹnì kan lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí mo fún ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ní “àmì dúdú ló wà lójú mi.” Irú àmì tó jẹ́ àti irú awọ tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ ohun tí a lè fi wò ó. Ohun tó ń mú ti ẹnì kan lọ lè sọ ti ẹnì kejì di ńlá.

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn àmì búráùn pẹlẹbẹ ti ń yọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Wọn kì í dùn mí, wọn kì í yún mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe rí. Ọmọ mi obìnrin ní òun fẹ́ ra ìpara fún mi. Ṣé ìpara lè mú wọn lọ, àbí ohun mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe sí i?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Màmá. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe wọn, pé wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, pé wọn kì í yún, àti pé ibi tí oòrùn ń pa jù lọ ni wọ́n wà, wọ́n jọ àmì oòrùn tí àwọn dókítà ń pè ní solar lentigo. Ìdọ̀tí kọ́ ló fà á, kì í ràn, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe àrùn. Ní ìsàlẹ̀ awọ òkè ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè mẹ́lánìn wà, ìyẹn èròjà tó ń fún awọ ní àwọ̀ rẹ̀. Bí oòrùn bá ti pa ojú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a máa pọ̀ sí i, wọn a sì máa pèsè mẹ́lánìn ju bó ti yẹ lọ, kódà bí ẹ kò bá jáde sínú oòrùn mọ́. Ìdí nìyí tí àmì yìí kì í fi í ṣá fúnra rẹ̀, bí àwọn ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun kan máa ń ní láti kékeré ṣe máa ń ṣá nígbà tí oòrùn bá dínkù.

Kí ọmọ yín tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí dókítà awọ fi ojú rí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní awò kékeré kan, dermatoscope ni wọ́n ń pè é, tó ní iná lára, tó sì ń mú kí ohun tí a ń wò tóbi tó ìlọ́po mẹ́wàá. Yóò gbé e lé àmì náà, kò ní dùn yín, kò sì ní pẹ́. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé jẹjẹrẹ awọ kan wà tó máa ń tẹ́ pẹlẹbẹ sójú àgbàlagbà, pàápàá àwọn tí awọ wọn funfun, tí ó sì máa ń jọ àmì oòrùn lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń fi ìpara pa irú rẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò ni.

Bí dókítà bá ti fi ọkàn yín balẹ̀, ìpara lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í yọ àmì kúrò. Ńṣe ló ń dín mẹ́lánìn tí awọ ń pèsè kù, tàbí kó mú kí awọ òkè tètè ṣí kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Lára ọ̀dọ́, awọ òkè máa ń gbà tó ọjọ́ 28 kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lára àgbà. Nítorí náà, ẹni tó fi ìpara pa ojú fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó wo dígí, tó sì ní kò ṣiṣẹ́, kò tíì fún un láyè. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ retí kí ẹ tó ṣèdájọ́, kí ẹ sì mọ̀ pé ohun tó wọ́pọ̀ ni kí àmì oòrùn ṣá. Ìpara nìkan kì í sábà pa á rẹ́ pátápátá.

Nínú àwọn tó ti fi ara wọn hàn, tretinoin, tó wá láti ìdílé fítámì A, ni mo kọ́kọ́ máa ń rò fún irú àmì yín. Agbára rẹ̀ máa ń wà láàrin 0.025% sí 0.1%, alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, ìwọ̀n tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sì tó fún gbogbo ojú. Ó lè mú kí ojú pọ́n kí ó sì máa ṣí díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù, lálẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Azelaic acid ti 15% tàbí 20% rọ ara lọ́rùn jù ú lọ. Hydroquinone ti 2% tàbí 4% lágbára ju gbogbo wọn lọ nínú dídín mẹ́lánìn kù, ṣùgbọ́n oògùn tó ní gbèdéke ni. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nínú lẹ́tà tó kẹ́yìn. Fítámì C, niacinamide àti kojic acid náà ń ṣe díẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì le. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, bí ẹ kò bá fi ìpara ààbò oòrùn tí SPF rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ààbò rẹ̀ ṣe lágbára tó, tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pa ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́ láràárọ̀, ohun tí ẹ fi alẹ́ tún ṣe ni oòrùn yóò fi ọ̀sán bàjẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yára lọ, dókítà lè fi naitirójìn olómi dì wọ́n. Ohun tútù gidi ni, ó tó dígírì 196 sí ìsàlẹ̀ òdo. Wọ́n ń fọ́n ọn sórí àmì náà fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ibẹ̀ á ta, á di èépá, èépá náà á sì já láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Iṣẹ́ yìí máa ń dára lára ẹni tí awọ rẹ̀ funfun. Bí tiyín bá dúdú, ẹ bi dókítà dáadáa kí ẹ tó gbà, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè mẹ́lánìn kì í fara da òtútù rárá. Ní nǹkan bíi dígírì 5 sí ìsàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti máa ń kú, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó yí wọn ká ṣì wà láàyè. Ẹ lè wá pàdánù àmì búráùn kí ẹ sì jogún àmì funfun, tó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó lọ, tàbí kó má lọ mọ́. Lójú tèmi, àmì búráùn sàn ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè: Àmì dúdú kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Láàrin ọdún yìí ó ti fẹ̀ sí i, etí rẹ̀ kò sì gún mọ́. Obìnrin tó ń bá ìyàwó mi sun àwọn àmì ojú rẹ̀ ní òun lè bá mi sun ún. Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má lọ o. Àmì tó ń yí padà ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹwà, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i.

Ohun márùn-ún la máa ń wò lára àmì kí ọkàn wa tó balẹ̀ lórí rẹ̀: bóyá apá kan rẹ̀ kò bá ìkejì mu, bóyá etí rẹ̀ rí jágajàga, bóyá àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, bóyá ó fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, àti bóyá ó ń yí padà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí jù lọ. Ẹ fi kún un bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó di egbò tí kò jiná. Òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní melanoma kò wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tó bá mú wọn, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló sábà máa ń yàn. Lábẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí ti Bob Marley ní 1977. Ní 1981, nígbà tó kú, ẹni ọdún 36 ni.

Kì í ṣe pé mo ń sọ pé òun ló wà lẹ́sẹ̀ yín. Púpọ̀ nínú irú àmì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sun ún, ohun tí wọn ì bá gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò ti jóná nìyẹn, bí ó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, gbòǹgbò rẹ̀ yóò máa tàn lọ lábẹ́ àpá tó ti jiná dáadáa lójú. Dókítà yóò gé e, tàbí kó gé díẹ̀ lára rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, Dókítà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, mo sì dúdú dáadáa. Kókó dúdú wẹ́wẹ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi àti ẹ̀gbẹ́ ojú mi, bó ṣe rí lójú ìyá mi náà nìyẹn. Ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ọ̀rẹ́ mi kan fi oògùn kan tó ń jó nǹkan kúrò lára sí tirẹ̀, díẹ̀ lọ, díẹ̀ sì di ihò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ọ̀nà tó dára?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán, arábìnrin mi. Ó dùn mí pé ojú ọ̀rẹ́ yín rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kókó wọ̀nyí wà lára ohun tó rọrùn jù láti yọ bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Dermatosis papulosa nigra ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é. Àwa aláwọ̀ dúdú ló wọ́pọ̀ jù lára wa, ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì máa ń tọ ìdílé, bí ẹ ṣe rí i lára ìyá yín. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe, kó sì máa pọ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Kì í di jẹjẹrẹ. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe ohunkóhun sí i, kò sí ewu kankan, mo sì mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹwà ojú wọn.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé awọ òkè nìkan ni kókó yìí wà. Kò ní gbòǹgbò tó wọ inú ẹran. Ẹni tó bá ń yọ ọ́ kò ní ìdí kankan láti jìn wọlé. Oògùn tó ń jóni ni kò mọ ibi tó yẹ kó dúró, òun ló sì gbẹ́ ihò sójú ọ̀rẹ́ yín. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù ni ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó ń gbé iná mànàmáná díẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìpara tó ń pa ìrora pa ojú, wọ́n á dúró kó ṣiṣẹ́, wọn á sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ náà kan kókó kọ̀ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi gbẹ. Àwọn kókó tó ní ọrùn tó sì ń rọ̀ ni wọ́n lè fi àlùmágàjí kékeré gé. Àwọn dókítà kan ń lo lésà fún un. Ti naitirójìn olómi, n kò gbà yín níyànjú rẹ̀, nítorí àmì funfun tí mo sọ fún Màmá lókè.

Lẹ́yìn rẹ̀, èépá wẹ́wẹ́ á bo ibẹ̀, wọn á sì já láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe họ wọ́n. Ẹ máa fi fasilíìnì pa wọ́n kí wọ́n má bàa gbẹ jù, kí ẹ sì sá fún oòrùn. Ojú ibẹ̀ lè dúdú fún ìgbà díẹ̀ kó tó bá awọ yòókù dọ́gba. Ara dúdú ní ìwà yìí, pé gbogbo ohun tó bá bí i nínú ló máa ń fi dúdú dáhùn. Nítorí náà, ẹ ní kí dókítà yọ bíi mẹ́ta sí márùn-ún ní ibi tó fara pamọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bóyá, kí ẹ wá dúró fún oṣù kan sí méjì kí ẹ wo bí awọ yín ṣe gbà á. Dókítà tó bá fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ kọ́kọ́ pàdé kò ní sùúrù tó yẹ. Bí ara yín bá sì máa ń hu àpá tó wú, ẹ tètè sọ fún un.

Èyí tí a bá yọ kì í sábà padà, ṣùgbọ́n tuntun lè yọ sí ibòmíràn, nítorí pé ara ló ń hù ú. Ẹ fi í sọ́kàn pé bí ọdún ṣe ń yí, ẹ lè tún padà lọ. Ohun kan péré ló lè mú mi sọ fún yín pé kí ẹ má dúró: bí kókó irú èyí, tàbí àwọn ńlá tó máa ń yọ sẹ́yìn àti sáyà àgbàlagbà, bá ṣàdédé bo ara láàrin oṣù díẹ̀. Ìyẹn máa ń fi nǹkan hàn nínú ara nígbà mìíràn, kí dókítà yẹ gbogbo ara wò.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń bó àmì dúdú? Wọ́n ní kí n fi sùn.

Ìdáhùn: Rárá. Ásíìdì inú rẹ̀ ń ta awọ, ohun mìíràn sì tún wà nínú ọsàn yìí tó burú jù: bí oòrùn bá bá a lára, ó lè jó awọ títí tí yóò fi lé ròrò, ibi tó jó náà á sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ kúrò bí ẹ bá ti fi sí i. Ọṣẹ ìfọyín náà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ìbéèrè: Dókítà, mo rí ìpolówó pé lésà ń pa àmì dúdú rẹ́ ní ìjókòó kan. Báwo ló ṣe ń ṣe é tí kì í fi í jó ara? Ṣé ó yẹ fún awọ dúdú?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yín yìí dùn mọ́ mi, nítorí ẹni tó bá mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọn kò lè fi ìpolówó tàn.

Lésà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kó agbára rẹ̀ jọ sójú kan. Ní 1983, Anderson àti Parrish, oníṣègùn awọ méjì ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa èrò kan tí gbogbo iṣẹ́ lésà awọ dúró lé títí dòní: bí a bá yan ìmọ́lẹ̀ tí mẹ́lánìn fẹ́ràn láti gbé mì, tí a sì tàn án fún àkókò tó kúrú gan-an, mẹ́lánìn nìkan ni yóò gbóná, yóò sì fọ́ kí ooru náà tó ráyè tàn dé awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkókò tí mo ń sọ yìí kúrú débi pé, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Q-switched, bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ́nù kan, díẹ̀ péré nínú àwọn ìpín náà ni. Àwọn tuntun, tí wọ́n ń pè ní picosecond, tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, àmì náà á dúdú sí i, á di èépá tín-ín-rín, á sì ṣí kúrò lójú láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà fún awọ dúdú nìyí: mẹ́lánìn kò sí nínú àmì nìkan, gbogbo awọ wa ló kún fún un, lésà kò sì lè bi í pé èwo ni ti àmì, èwo ni ti ara. Lára ẹni tó funfun, ìyàtọ̀ àárín àmì àti awọ pọ̀, iṣẹ́ náà sì máa ń mọ́. Lóòótọ́, ìjókòó kan sí mẹ́ta lè tó fún àmì oòrùn. Lára ẹni tó dúdú, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò gùn, bíi ti nanomítà 532 tàbí 694 (nanomítà ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe gùn tó), yóò bá awọ òkè jà kó tó dé ibi tó ń lọ. Èyí tó gùn dé nanomítà 1064, ti ẹ̀rọ Nd:YAG, ló rọrùn fún awọ dúdú jù, nítorí pé mẹ́lánìn kì í gbé púpọ̀ mì nínú rẹ̀, ó sì ń wọ inú jù wọ́n lọ. Bí ẹ bá gbọ́ IPL, kì í ṣe lésà. Ìmọ́lẹ̀ onírúurú àwọ̀ ni, láti nǹkan bíi nanomítà 500 sí 1200. Ó dára fún àmì oòrùn lára aláwọ̀ funfun. Lára ẹni tó dúdú gan-an, iná ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kàn yín lójú.

Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Bí mo ṣe ń wo lésà lára awọ dúdú gan-an nìyẹn: agbára díẹ̀, ìjókòó púpọ̀ tó jìnnà síra wọn, kí a sì kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré kan. Kí ẹ tó jókòó, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ẹ̀rọ náà, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó, iye aláwọ̀ dúdú bíi tiyín tí wọ́n ti fi ṣe, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi àwòrán wọn hàn yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwòrán ọ̀sẹ̀ kan kò sọ nǹkan kan, nítorí dúdú tó máa ń tẹ̀lé lésà kì í tètè yọjú.

Àwọn kan ti bi mí nípa ásíìdì tí wọ́n fi ń ṣí awọ. Glycolic acid àti salicylic acid ti 20% sí 30% lè dín àmì tí irorẹ́ fi sílẹ̀ kù lára awọ dúdú, bí wọ́n bá ṣe é díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Àwọn tó ń wọ inú awọ lọ jìnnà kì í ṣe tiwa.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo lóyún ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, iwájú orí àti òkè ètè mi dúdú bí ẹni tó wọ ìbòjú. Mo ti bímọ, mo ń fún un lọ́mú, kò tíì lọ. Ṣé lésà yóò mú un lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ fi lésà sílẹ̀ ná. Melasma ni èyí, kì í ṣe àmì oòrùn, ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀: oòrùn wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n họ́mónù inú oyún, tàbí ti oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, náà wà níbẹ̀, ooru pàápàá sì lè ru ú sókè. Nítorí náà, lésà àti IPL máa ń mú un ṣá, kí ó tó tún padà, nígbà mìíràn kí ó sì padà pẹ̀lú àfikún.

Ó máa ń ṣá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lára ọ̀pọ̀ obìnrin, láàrin oṣù díẹ̀ sí ọdún kan. Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí ni ìpara ààbò oòrùn, kí ẹ sì yan èyí tí ó ní àwọ̀ díẹ̀ nínú, tí wọ́n kọ iron oxide sí ara rẹ̀. Ìdí ni pé ìmọ́lẹ̀ tí a ń fi ojú rí náà ń mú melasma dúdú sí i lára àwọn tí awọ wọn dúdú, ìpara ààbò tó funfun tí kò ní àwọ̀ kì í sì í dí ìyẹn. Azelaic acid ni mo máa ń fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú. Tretinoin àti hydroquinone, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹ ó fi gba ọmọ lẹ́nu ọmú, kí ẹ sì ranti pé wọn kì í ṣe ohun tí aboyún ń lò.

Bí ó bá ṣì wà nígbà náà, ìpara alápòpọ̀ mẹ́ta wà tí dókítà lè kọ fún yín: hydroquinone 4%, tretinoin 0.05% àti steroid díẹ̀ kan, ìyẹn oògùn tó ń mú kí awọ tó wú tó sì pọ́n rọlẹ̀. Òun ló múná jù nínú gbogbo ìpara melasma, wọn kì í sì í sábà lò ó ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá lọ ní ìgbà kan. Oògùn tranexamic acid tí wọ́n ń gbé mì náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ti ṣe yín rí tàbí ti ṣe ará ilé yín, ẹ má sún mọ́ ọn. Melasma lè padà ní gbogbo ìgbà tí oòrùn bá tún rí i. Ẹni tó bá mọ èyí ṣáájú kò ní máa sáré láti orí ìpara kan bọ́ sí òmíràn.

Ìbéèrè: Láti bí ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lo ìpara kan fún àwọn àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó kọ́kọ́ mọ́ dáadáa. Ní báyìí, ibi tí mo ń pa gan-an ti dúdú fàlàfàlà bí ibi tó jóná, ó sì le lọ́wọ́. Mo wá ń pa á sí i. Kí ni mo tún lè fi kún un?

Ìdáhùn: Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ìpara náà ló ṣeé ṣe kó máa ṣe yín.

Bí ẹ bá yẹ ara ike rẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí hydroquinone. Oògùn gidi ni fún oṣù díẹ̀. Bí a bá lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá nínú oòrùn àti ní ìwọ̀n tó pọ̀, ó lè fi èròjà kan sínú awọ ìsàlẹ̀ tó máa ń dúdú bíi búlúù, ochronosis ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá sì ṣe ń dúdú ni ẹni tó ní i yóò máa pa ìpara sí i, bí ẹ ṣe ń ṣe yìí. Ní Amẹ́ríkà, láti 2020, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ hydroquinone fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti yọ ọ́ kúrò nínú ìpara ìbóra kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ochronosis kì í tètè lọ. Dídá hydroquinone dúró ni ìbẹ̀rẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó ṣá díẹ̀, irú lésà 1064 tí mo sọ lókè sì ti ran àwọn kan lọ́wọ́. Ohun méjì ni mo tún fẹ́ kí ẹ wò lára ike náà. Bí ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone, steroid tó lágbára ni. Ẹ má ṣàdédé dá a dúró láìrí dókítà, nítorí ojú lè wú kó sì pọ́n gidigidi, òun ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe máa dín in kù. Bí ẹ bá rí mercury, calomel, mercurous chloride tàbí mercurio, májèlé ni, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń kọjá sára àwọn tó bá ń fara kàn yín nílé. Àdéhùn Minamata, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí mercury, ti ní kí ayé dẹ́kun ṣíṣe ìpara tí mercury inú rẹ̀ bá ju mílígíráàmù kan nínú kílógíráàmù kan lọ láti 2020, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sára ike rárá. Ẹ ti ìpara náà mọ́ inú ọ̀rá, kí ẹ gbé òun àti páálí rẹ̀ dání lọ bá dókítà awọ, kí ẹ sọ iye ọdún tí ẹ ti ń lò ó fún un láìbu u kù, kí ẹ sì ní kó bá yín ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ àti kíndìnrín.